BI Ẹ̀GBỌ́N LÉÈRÈ: Ọbalúayé lórí tẹlifíṣọ̀n, mọ́tò funfun O.J., àtàwọn ọjọ́ táwọn ará Amẹ́ríkà ò lè gbàgbé

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tá a ti kọ̀wé sínú ìtẹ̀jáde tó kọjá nípa bí Neil Armstrong ṣe fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá lọ́jọ́ 20 oṣù keje ọdún 1969, lẹ́tà yín ò jẹ́ ká rímú mí. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé òṣùpá gan-an ò jẹ yín lógún tó bẹ́ẹ̀, àwọn ọjọ́ míì lẹ̀ ń béèrè, àwọn ọjọ́ yẹn táwọn àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń bi ara wọn pé "níbo lo wà nígbà tó ṣẹlẹ̀?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ, àyè ò pọ̀, olóòtú sì ti ń wò mí láìdáa.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi tó gbé Amẹ́ríkà fún ọdún gbọọrọ ló ní eré apanilẹ́rìn-ín kan wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ tí ọkọ obìnrin inú ẹ̀ máa ń lu ìlù kọrin Ọbalúayé, táwọn òyìnbó á sì máa pàtẹ́wọ́. Mo ní irọ́ ńlá ni. Ó ní tó bá jẹ́ irọ́ kí n má gbé oúnjẹ fóun mọ́. Ẹ bá wa dá a. (Ìyá Ìbejì, Òṣogbo)

Ìyá Ìbejì, ẹ gbé oúnjẹ fún bàbá, kẹ́ ẹ sì fi ẹran kún un. Òótọ́ ni. I Love Lucy lorúkọ eré ọ̀hún, CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ló ń gbé e, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 1951 ló bẹ̀rẹ̀. Lucille Ball ni Lucy, Desi Arnaz sì ni ọkọ ẹ̀ nínú eré, òun náà ni ọkọ ẹ̀ nílé, ọmọ Kúbà ni, Santiago de Cuba ni wọ́n bí i sí. Ṣebí ẹ mọ̀ pé wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ sí Kúbà rẹpẹtẹ nígbà òwò ẹrú, àwọn tí wọ́n wá ń pè ní Lukumí, tí wọ́n sì gbé òrìṣà wọn dání lọ. Babalú Ayé tí wọ́n ń pè lọ́hùn-ún, Ọbalúayé tiwa náà ni, Olóde, ẹni tá a kì í ṣàdédé pe orúkọ ẹ̀ gan-an lọ́sàn-án gangan. Wọ́n fi Lázárù mímọ́ ti àwọn Kátólíìkì bò ó lójú, bàbá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn tájá ń tẹ̀ lé, tó bá sì ti di ọjọ́ 17 oṣù kejìlá lọ́dọọdún èrò á máa rọ́ lọ sí El Rincón lẹ́bàá Havana, àwọn míì á máa fi orúnkún wọ́ lọ nítorí ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́.

Orin tí Desi ń kọ, obìnrin Kúbà kan, Margarita Lecuona, ló ṣe é, Miguelito Valdés ló sì ti sọ ọ́ di orin ńlá kó tó dọ́wọ́ Desi. Nínú orin yẹn wọ́n ń tọrọ àbẹ́là 17, wọ́n ń tọrọ tábà àti ọtí líle, gbogbo ẹ̀ fún ètùtù. Ẹ wá fojú inú wò ó o, ìyàwó ilé kan wà ní Ohio tó ń lọ aṣọ, ọkùnrin onírun dídú kan gbé ìlù kọ́ńgà kọ́ èjìká lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń gbá a, ó ń ju orí, ó ń pariwo Babalú, màmá yẹn náà ń jó díẹ̀díẹ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù, kò mọ̀ pé Olóde ni wọ́n ń kí nínú pálọ̀ òun.

CBS ò kọ́kọ́ fẹ́ gba Desi rárá. Wọ́n ní ta ló máa gbà pé ọmọbìnrin òyìnbó fẹ́ ọkùnrin tí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ rí báyẹn. Lucy ò bá wọn jà, òun àti ọkọ ẹ̀ kó ẹrù lọ́dún 1950, wọ́n gbé eré wọn kiri láti tíátà dé tíátà, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, owó wọlé, CBS lajú. Nígbà tó wá kan bí wọ́n ṣe máa yà á, tọkọtaya yìí ní Hollywood làwọn ti máa ṣe é, lórí fíìmù gidi, kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, níwájú èrò ìwòran. CBS ní ìyẹn ti wọ́n jù. Tọkọtaya náà ní ó dáa, ẹ gé owó wa, ṣùgbọ́n àwa la máa ni àwọn fíìmù náà o. Láyé ìgbà yẹn tí ọ̀pọ̀ ètò bá ti lọ lórí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán nìyẹn. Ti Lucy ò tán, wọ́n ń tún un fi hàn títí, owó ń wọlé títí. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ padà lọ tún ibẹ̀ yẹn kà.

Ìgbà tí Lucy wá lóyún ní tòótọ́, wọ́n gbé oyún náà wọnú eré. Ẹnu wọn ò gbọdọ̀ dárúkọ oyún lórí tẹlifíṣọ̀n o, wọ́n ní kí wọ́n máa sọ pé ó "ń retí", wọ́n sì wá fáàdà kan, pásítọ̀ kan àti rábì àwọn Júù kan tó ń ka ọ̀rọ̀ eré náà ṣáájú, kí wọ́n má bàa bá ìsọkúsọ níbẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù kìíní 1953, Lucy bímọ nínú eré, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì bí Desi kékeré lọ́sibítù, torí iṣẹ́ abẹ ni, wọ́n ti dájọ́ sí i. Èèyàn mílíọ̀nù 44 ló wò ó. Lọ́jọ́ kejì wọ́n búra fún Eisenhower gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ, mílíọ̀nù 29 ló wo tìyẹn. Ọ̀gágun tó bá wọn ṣẹ́gun Hitler o, ọmọ jòjòló gba èrò mọ́ ọn lọ́wọ́!

Ẹ̀gbọ́n wa, tíṣà wa ní yunifásítì sọ pé rédíò ṣe eré kan tí gbogbo ará Amẹ́ríkà fi sá jáde nílé pé àwọn ará Mars ti dé. Ṣé wọ́n gọ̀ tó yẹn ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin)

Àbúrò, dín in kù. Eré náà wáyé, ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá 1938, orí CBS, Orson Welles ló ṣe é, ọmọ ọdún 23 péré sì ni nígbà yẹn. Bí ìròyìn ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀: orin ijó á máa lọ, wọ́n á já a, akọ̀ròyìn á ní nǹkan kan já láti sánmà sí Grover's Mill ní New Jersey, wọ́n á tún dá orin padà, wọ́n á tún já a. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde pé eré ni, àyà ẹ̀ á já lóòótọ́, àwọn kan sì pe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n gbogbo Amẹ́ríkà? Irọ́ ìwé ìròyìn nìyẹn jàre. Rédíò ti ń gba owó ìpolówó lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá rí ibi tí wọ́n á ti bà á lórúkọ jẹ́, ni wọ́n bá fi àkọlé gàdàgbà gàdàgbà gbé e. Ètò míì tiẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ lásìkò yẹn lórí NBC, ilé iṣẹ́ tó ń bá CBS du èrò, ti Edgar Bergen, ọkùnrin tó máa ń gbé ọmọláńgidi lé ẹsẹ̀ táá máa sọ̀rọ̀ láìmi ètè, bí ẹni pé ọmọláńgidi ọ̀hún ló ń sọ ọ́. Lórí rédíò o! Ta ló fẹ́ rí i bóyá ètè ẹ̀ mì?

Olóòtú ojú ìwé yìí, ẹ kú làákàyè. Mo rántí dáadáa pé nígbà èwe mi wọ́n ní Balewa bá Kennedy sọ̀rọ̀ láti Èkó, lórí tẹlifóònù tó gba ojú sánmà kọjá. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gbà mí gbọ́. Ẹ sì tún sọ fún mi bó ṣe rí lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n pa Kennedy, torí rédíò làwa fi gbọ́ ọ. (Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta)

Bàbá, ọpọlọ yín ṣì pé. Ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ 1963 ni. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Kingsport ti wá gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, Balewa wà nínú ẹ̀, Kennedy wà ní Washington, ọ̀rọ̀ wọn ń gba orí sátẹ́láìtì Syncom 2 lọ ó ń bọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí olórí ìjọba méjì máa fi sátẹ́láìtì bá ara wọn sọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń sọ tẹ́nì kejì ń fèsì lójú ẹsẹ̀. Èkó ni wọ́n gbé e wá o, London wà níbẹ̀, Paris wà níbẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ku ọjọ́ kan lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ Fúráídè, ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá, wọ́n yìnbọn pa Kennedy ní Dallas. Eré ọ̀sán kan tí àwọn ìyàwó ilé máa ń wò ló ń lọ lórí CBS, bó ṣe dá wáí nìyẹn, àkọlé ìròyìn pàjáwìrì ló gba ojú tẹlifíṣọ̀n, ohùn Walter Cronkite, akéde ìròyìn wọn, sì ń sọ pé wọ́n ti yìnbọn lu Ààrẹ. Ohùn lásán ni, wọn ò rójú ẹ̀. Ìdí ni pé kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn, tẹ́ ẹ bá tàn án, ó gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kó tó ríran, wọn ò sì tan ìkankan sílẹ̀ nínú yàrá ìròyìn lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó gbóná tán ni wọ́n tó rí Cronkite, ó ti bọ́ kóòtù, ó ku ṣẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú táì, ni wọ́n bá na bébà kan sí i, ó kà á fún gbogbo ayé pé Ààrẹ ti kú, ó yọ jígí ojú ẹ̀, ó gbójú wo aago ara ògiri, ó sọ aago tó lù, ó tún dá jígí náà padà sójú, ó gbé itọ́ mì. Kò ju ìyẹn lọ. Títí dòní tẹ́ ẹ bá bi ẹni tó wò ó, jígí yẹn ló máa sọ fún yín.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè wọ́n ń mú Lee Harvey Oswald, ẹni tí wọ́n ní ó yìnbọn, gba abẹ́ ilé ọlọ́pàá Dallas jáde, NBC ń gbé e bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ni Jack Ruby tó ni ilé fàájì alẹ́ kan bá yọ síwájú, ó sì yìnbọn sí i níkùn. Àwọn tó jókòó sí pálọ̀ wọn fojú ara wọn rí i, pẹ̀lú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni tẹlifíṣọ̀n fi wà láìpolówó ọjà. Bàbá, ní Amẹ́ríkà o! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn dun wọ́n dé eegun.

Ọmọ-ọmọ mi ní irọ́ ni mò ń pa, pé kò sí òyìnbó Amẹ́ríkà tó wá du bẹ́líìtì ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé ní Liberty Stadium. Ẹ kọ ọ́ síbí kó fojú ara ẹ̀ kà á. (Bàbá Àgbà, Òkè-Àdó, Ìbàdàn)

Ìwọ ọmọ yìí, bóo bá jẹ́ ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, bóo bá jẹ́ obìnrin kúnlẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1963 ni Gene Fullmer, ọmọ Utah, wá bá Dick Tiger, ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ígbò, jà n'Ìbàdàn. Ìgbà kẹta tí wọ́n máa pàdé nìyẹn, Tiger ti nà án ní San Francisco lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n ti ta ọ̀mì ní Las Vegas. N'Ìbàdàn, nígbà tí aago máa lù fún ráúǹdì kẹjọ, Fullmer ò dìde lórí àpótí ẹ̀ mọ́, kò sì tún bá ẹnikẹ́ni jà nínú ríìngì títí tó fi lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì kí Balewa tó gbé tẹlifóònù yẹn ni o.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ọmọ agbègbè wa ló ni orin tí Santana gbé lọ sí Woodstock. Kí lẹ rí sí i? (Òǹkàwé yín, Àgbádárìgì)

Mo rí i pé òótọ́ ni. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò. Lọ́dún 1950 ló lọ sí Morehouse College ní Atlanta, ìwé ló bá lọ, kò lérò pé ìlù lòun máa fi jẹun. Àmọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ẹgbẹ́ ẹ̀, aláwọ̀ dúdú bíi tiẹ̀, ohun tí wọ́n rí nínú fíìmù Tarzan ni wọ́n fi ń bi í léèrè nípa Áfíríkà, ọ̀rọ̀ náà sú u, ó kó ìlù jọ ó ní ó yá ẹ wá gbọ́. Lọ́dún 1960 ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Columbia gbé rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ Drums of Passion jáde, àwọn òyìnbó rà á wìtìwìtì, Ọdún Dé wà nínú ẹ̀, Ṣàngó wà nínú ẹ̀, Jin-go-lo-ba náà wà nínú ẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni Carlos Santana àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé, wọ́n fi gìtá olóhùn gooro sí i, wọ́n pè é ní Jingo, wọ́n fi sínú rẹ́kọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́ lọ́dún 1969. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n lù ú níbi àríyá orin Woodstock, nínú pápá ẹlẹ́ran màlúù kan ní ìpínlẹ̀ New York, èèyàn lé ní 400,000 nínú ẹrẹ̀ àti òjò. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó onírun gígùn ń gbọn ìdí sí ìlù tó gbéra látọ̀dọ̀ ọmọ Àjídò.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn jáàsì, ilé àṣà tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem ni John Coltrane ti fun fèrè ẹ̀ ní oṣù kẹrin 1967, nígbà tó di oṣù keje Coltrane ti kú.

Ẹ̀gbọ́n, àwa tá a wà ní Houston lọ́dún 1994, ó ṣì ń dùn wá. Ọmọ wa Hakeem ń gbá báskẹ́ẹ̀tì, fáínà o, NBC lọ ń fi mọ́tò hàn wá. Ẹ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ wa, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó jẹ̀bi. (Ọmọ Èkó, Houston)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 1994, Fúráídè. Mi ò rò pé ọjọ́ kan tún wà tí nǹkan ya lu ara wọn báyẹn. Ní New York wọ́n ń ju bébà sórí àwọn ọmọ Rangers tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife họ́kì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1940. Ní Chicago wọ́n ń ṣí ìdíje Bọ́ọ̀lù Àgbáyé, wọ́n ní kí Diana Ross fi pẹnáritì kan ṣí i, kò jìnnà rárá, ó gbá a síta gbuurugbu, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣètò pé kí òpó gòólù là sí méjì, ó là sí méjì ṣáá, màmá gba àárín ẹ̀ kọjá ó ń kọrin ẹ̀ lọ bí ẹni tó jẹ gòólù. Lẹ́yìn náà ni Jámánì na Bolivia 1–0.

Ní Los Angeles ni wàhálà wà. O.J. Simpson, gbajúmọ̀ nínú bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré, tó tún ń ṣe fíìmù, àwọn ọlọ́pàá ń dúró dè é ní aago 11 àárọ̀ kó wá fara ẹ̀ hàn, torí pé wọ́n ti pa ìyàwó ẹ̀ àtijọ́ Nicole àti ọ̀dọ́kùnrin kan, Ron Goldman, lọ́jọ́ 12. Kò wá. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ Robert Kardashian (òun náà ni, bàbá àwọn ọmọbìnrin tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn) ka lẹ́tà tí O.J. kọ sílẹ̀ fún àwọn akọ̀ròyìn, ó rí bí ìdágbére. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n rí Ford Bronco funfun lójú títì, ọ̀rẹ́ ẹ̀ Al Cowlings ló ń wà á, O.J. wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìbọn, ó ní òun máa pa ara òun. Ọlọ́pàá tò tẹ̀ lé wọn, mọ́tò yẹn ò sáré, àwọn náà ò sáré, hẹlikópítà oníròyìn ń yí lókè, àwọn èèyàn já lọ sórí bíríìjì pẹ̀lú pátákó, wọ́n ń juwọ́ sí i bí ẹni pé ọba ń kọjá. Èèyàn bíi mílíọ̀nù 95 ló wò ó.

Àsìkò yẹn gan-an ni Hakeem Ọlájùwọ́n ń bá Knicks, ẹgbẹ́ New York, fà á ní Madison Square Garden, géèmù karùn-ún. NBC gé ojú tẹlifíṣọ̀n sí ọ̀nà méjì, nígbà míì mọ́tò ló gba ibi ńlá tí Hakeem wà nínú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. O.J. fúnra ẹ̀ sì ti bá NBC ṣiṣẹ́ rí, ó máa ń sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù fún wọn. Knicks ló mú un, 91–84. Ta ló jẹ̀bi? Ẹ jẹ́ á sọ òótọ́, ká ní NBC ò fi mọ́tò yẹn hàn ẹ̀yin náà ò bá yí i sí tẹlifíṣọ̀n míì. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló yẹ kẹ́ ẹ máa sọ fáwọn ọmọ yín. Géèmù kẹfà, Houston, ọjọ́ 19, Rockets, ẹgbẹ́ Hakeem, ń fi àmì méjì péré ṣáájú, 86–84, ó ku ìṣẹ́jú àáyá, John Starks gbé bọ́ọ̀lù sókè láti jù ú, tó bá wọlé Knicks ló gba ife. Hakeem nawọ́, orí ìka ẹ̀ ló kàn án, bọ́ọ̀lù yẹn ò débi tó ń lọ. Lọ́jọ́ 21, ní Dallas, Rashidi Yekini jẹ gòólù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa jẹ ní Bọ́ọ̀lù Àgbáyé, ó sáré wọnú nẹ́ẹ̀tì, ó kó ọwọ́ méjèèjì gba àárín okùn ẹ̀ jáde, ó ń sọkún, ó ń gbàdúrà, wọ́n sì na Bulgaria 3–0. Lọ́jọ́ 22, ní Houston, Rockets gba géèmù keje 90–84, wọ́n gba ife àkọ́kọ́ wọn, wọ́n sì ní Hakeem ló dáa jù nínú gbogbo fáínà náà. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra, ọmọ Yorùbá méjì, Texas kan náà. Ẹ̀yin wà níbẹ̀, mọ́tò lẹ ṣì ń rántí!

Ṣé òótọ́ ni pé Coca-Cola yí adùn wọn padà nígbà kan táwọn èèyàn fi bínú? (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Èkó)

Òótọ́ ni. Pepsi ń lé wọn lẹ́yìn, wọ́n fún èèyàn bí 200,000 ní tuntun náà tọ́ wò, ọ̀pọ̀ ní ó dùn, ni wọ́n bá gbé e jáde lọ́jọ́ 23 oṣù kẹrin 1985, wọ́n pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Àwọn èèyàn yarí. Wọ́n ń kó èyí tó kù sílẹ̀ pamọ́ sí yàrá, wọ́n ń pe ilé iṣẹ́ náà láti fi èébú ránṣẹ́. Kò pé oṣù mẹ́ta, wọ́n dá ti àtijọ́ padà, Peter Jennings, akéde ìròyìn tẹlifíṣọ̀n ABC, sì já eré ọ̀sán gangan láti kéde ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ṣe tí Ààrẹ bá kú. Nítorí mínírà!

Sí ẹni tó kọ̀wé láti Ṣakí pé òun gbọ́ pé Elvis Presley, olórin Amẹ́ríkà, ò tíì kú, pé òun tiẹ̀ rí i ní gáréèjì:

Ó ti kú. Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ 1977, ní Memphis, ọmọ ọdún 42. Sàárè ẹ̀ wà nínú ọgbà ilé ẹ̀ ní Graceland, èèyàn sì ń sanwó wọlé lọ wò ó. Ẹni tẹ́ ẹ ní ẹ rí ní gáréèjì yẹn, ẹ padà lọ bi í lórúkọ.